Ẹran Ọ̀yà Tí Bọ̀dá Múfú Kò Jẹ

Ẹ kú ilé o, Màmá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Muṣin níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Ẹni tó bá ń bá yín ka lẹ́tà yìí, kó kà á sókè. Mo fún àwọn oníwèé ìròyìn náà ní ẹ̀dà rẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé wa nìkan ló ní oko.

Ara mi le, iṣẹ́ tíṣà ń lọ. Ìríra ló ń bá mi jà. Òjò ń rọ̀ ṣáá, gọ́tà ti kún, àwọn èkúté ńlá tó bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lójú wa. Mo rò pé kò sí ohun tó lè rí mi lára ju ìyẹn lọ. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Bọ̀dá Múfú, ọmọ yín ọdẹ, ti ilé dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọ̀yà yíyan tó fẹ́ tà. Ẹ mọ̀ pé ní gbogbo ọdún tí mo fi kàwé nílùú òyìnbó, tí mi ò rẹ́ni bá sọ Yorùbá, ọbẹ̀ ọ̀yà yín ni mo máa ń rántí. Mo sáré gbé ìkòkò kaná. Nígbà tí mo bu ti bọ̀dá, ó ní kí n bá òun ra búrẹ́dì. Ọdẹ tó máa ń fi eyín fọ́ egungun.

Ìyá Rísí, ará yàrá kejì, gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Ó ní kò sójú ìbọn, kò sójú tàkúté, ṣé àìsùn ló pa eléyìí ni. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó bá tú àṣírí. Ó ní àwọn èkúté Èkó tó bá àpò òfìfo délé ni òun kọ́kọ́ da oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó fún, nínú àká àgbàdo. Nígbà tó rí i pé ó rọrùn, ó pò ó mọ́ ẹ̀gẹ́, ó kó o sójú ọ̀nà ọ̀yà. Ológbò Ìyá Àgbà jẹ nínú rẹ̀, ó kú. Igún tó bà lé òkú rẹ̀ kò fò mọ́. Ó ní odò ni òun máa da oògùn náà sí báyìí, kí ẹja lè léfòó.

Mo ní ta ni yóò jẹ ẹ́. Ó ní bí a bá ti yan án, oró á bá èéfín lọ, àti pé irin ni ikùn ará Èkó. Màmá, èmi náà ti di ará Èkó. Mo ti tọ́ ọbẹ̀ náà wò, bọ̀dá sì jókòó, ó ń wò mí.

Mo wá wo inú apẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀yà ló pé ẹsẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bí ọmọ bá pẹran, itan kan ti ìyá ni. Mo bi í pé itan Màmá dà. Ó ní ẹ ti dàgbà, òun ò fẹ́ fi yín dán an wò.

Ṣáláńgá ni mo da gbogbo rẹ̀ sí. Bọ̀dá bínú lọ, ó ní ẹja ni òun máa gbé bọ̀. Odò yẹn lẹ ti ń pọnmi, Màmá. Ẹ gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Bó bá sì tún pẹran, ẹ béèrè itan yín lójú gbogbo ilé, kẹ́ ẹ ní kó bá yín jẹ ẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá yẹ̀, kí apẹ̀rẹ̀ yẹn má kúrò nílé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí omi wa máa tòrò fún yín mu pẹ́. Mo kí tọmọdé tàgbà. Mo kí Bọ̀dá Múfú náà, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ni.

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́