Màmá Atẹ́gùn àti Òrùlé Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Wa

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1949 ni a bí ìyá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún aago ṣe. Àwọn tó mọ ìtàn náà sọ pé ogún aago ló wà lára ògiri lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí méjì tó bá ara wọn mu, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè búra wákàtí tí wọ́n dáyé. Alágbàfọ̀ ni ìyá tó bí wọn. Bàbá àgbà wọn ló kan ìdajì ilẹ̀kùn àdúgbò náà. Ìran afọwọ́ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti wá, àwọn tí kì í gbàgbọ́ nínú ohunkóhun títí wọ́n á fi fọwọ́ kàn án.

Ìyá wa ni ọmọ kẹta nínú márùn-ún. Iṣẹ́ tiwọn nínú ilé ni láti máa ṣọ́ aṣọ oníbàárà tí a sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á jókòó sórí garawa tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á máa wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú aṣọ ibùsùn tó sì ń jáde. Wíwò yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ fi máa ń fò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ìyá wọn á ní, "Ṣé ìwọ lò ń ṣọ́ aṣọ ni, àbí aṣọ ló ń ṣọ́ ẹ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1962. Ní ọdún 1969 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ nípa yíyàwòrán ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógójì ló wà ní kíláàsì, obìnrin mẹ́ta péré ló wà nínú wọn.

Ní ọdún kẹrin, olùkọ́ wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí olúkúlùkù mú ohun kan nínú ohun tí Ọlọ́run dá, kó sì fi ya ilé. Igbín ni ìyá wa mú. Wọ́n ya ilé ìwòsàn kan tó yí po bí ìkarahun, ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń lọ yíká-yíká títí dé àárín. Àwòrán náà dára débi pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wá wò ó. Bàgbà náà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, igbín ò tọ́jú aláìsàn rí. Ẹni tí inú ń run, tó fẹ́ dé ilé ìyàgbẹ́, ṣé kó máa yí bí òkòtò ni?" Kíláàsì dà rú fún ẹ̀rín. Ìyá wa náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Bàgbà náà wá sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lọ sílé: "Má jí ojú ohun tí Ọlọ́run dá. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó o bi í." Wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn ní ọdún 1974.

Ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ti pàdé bàbá wa, tí í ṣe bíríkìlà. Ìyá wa ti ya ògiri kan tó tẹ̀ kọrọdọ. Bàbá wa wo ìwé náà síwá-sẹ́yìn, wọ́n ní, "Àǹtí, bíríkì kì í tẹ̀ bí ìwé o."

"Ẹ máa tò ó díẹ̀díẹ̀, á tẹ̀."

"Ta ló máa tò ó?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo yìí ni."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi mọ ògiri náà. Kó tó parí, ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò lórí bíríkì. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1976, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1979 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga náà pe ìyá wa padà láti wá kọ́ni. Iṣẹ́ tí bàgbà yẹn gbé fún wọn náà ni wọ́n ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún: mú ohun kan tí Ọlọ́run dá, bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kó o wá yàwòrán. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ á fi páálí àti gúlù kọ́ ilé náà ní kékeré, á gbé e wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdánwò. Ibẹ̀ ni ìyá wa ti máa ń dúró dè wọ́n, fáànù ńlá kan lápá ọ̀tún, agolo tí a fi ń bomi rin òdòdó lápá òsì. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn onílé kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná." Àwọn onílé náà ni afẹ́fẹ́ àti òjò. Ohun tó jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa pè wọ́n ní Màmá Atẹ́gùn nìyẹn. Wọ́n mọ orúkọ náà, wọ́n sì ń díbọ́n pé àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1991 kì í ṣe ohun tí ìdílé lè fò dá. Ìyá wa fúnra wọn ló pàṣẹ pé kí a má fò ó. Wọ́n ní ìtàn ìgbésí ayé tí kò bá ní àṣìṣe nínú, ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń kà yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dún náà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, ẹlòmíràn á ti sọ mẹ́ta. Ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ yìí lọ́dún tó ṣáájú, òfin ilé ẹ̀kọ́ sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì á kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ mú. Ó fi ya ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sórí òkè kan tí ìjì ti máa ń ṣí òrùlé lọ́dọọdún. Òrùlé tirẹ̀ kì í ṣe odindi. Ó gé páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó so etí kan ṣoṣo mọ́ igi àárín, ó sì jẹ́ kí ìyókù sùn lé ara wọn.

Ìyá wa tan fáànù. Lójú ẹsẹ̀, òrùlé náà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti ya o! Ẹ kó àwọn ọmọ jáde!" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ da apá méjèèjì bo ilé páálí náà bí ẹni tó ń bo ọmọ tó wà níhòòhò. "Mà... ẹ jọ̀ọ́ mà... ó... ó yẹ kó..."

Ìyá wa ti tẹrí mọ́ ìwé, wọ́n ń kọ máàkì. "Ó yẹ kó dúró ni, ọmọ mi. Àsìkò ti tán. Kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú." Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fún un, wọ́n sì kà á sókè sétí gbogbo ènìyàn. Ẹni tó kàn fi afárá oyin kọ́ ilé ìkàwé, ó sì gba ọgọ́rin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá wa lọ sí gbọ̀ngàn láti kó àwọn ilé páálí náà pamọ́. Omi àná ṣì wà nílẹ̀, wọ́n tan fáànù dé ìpele tó le jù kí ilẹ̀ lè gbẹ. Ilé afárá oyin ló kọ́kọ́ yọ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ré lulẹ̀, ó fọ́. Òrùlé Jẹ́jẹ́ ya bí ó ti ya lánàá. Ìyá wa sáré pa fáànù. Bí afẹ́fẹ́ ṣe dáwọ́ dúró, tẹ́ẹ́rẹ́ páálí kọ̀ọ̀kan padà sùn sí àyè rẹ̀, bí ẹyẹ tó ń pa ìyẹ́ dé. Wọ́n tún un tàn, wọ́n tún un pa. Igi àárín kò mì. Wọ́n wá ìwé àlàyé Jẹ́jẹ́ jáde, ojú ewé mẹ́ta, èyí tí wọn kò kà kọjá àkọ́kọ́ nítorí pé iṣẹ́ pọ̀, ooru sì mú. Ní ojú ewé kẹta ni ọmọ náà kọ ọ́ sí: "Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ya kí igi rẹ̀ má baà wó."

Ìyá wa sọ fún wa pé àwọn jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n wọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni a máa lẹ orúkọ àwọn tó yege. Ìyá wa lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà fẹ́ fẹ̀yìn tì, ìyá wa ni gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ìgbìmọ̀ máa fi rọ́pò wọn lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn.

"Ẹ ti fọwọ́ sí i, Màmá," ni ọ̀gá àgbà wí. "Máàkì tí a kà sétí gbogbo ènìyàn, etí gbogbo ènìyàn náà la ti gbọ́dọ̀ yí i padà. Ṣé ẹ fẹ́ dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn kẹ́ ẹ ní ẹ ò kàwé tán? Lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà lọ. Á ríṣẹ́ míì ṣe."

"Ọ̀gá, bó bá lọ, èmi ni mo lé e."

"Wọn ò ní fún yín nípò yìí o. Mo mọ̀ wọ́n."

"Ẹ ṣáà bá mi ní kí wọ́n lu aago."

Nígbà tí aago ń lù, ìyá wa ń gun àtẹ̀gùn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé, àjà kẹta. Wọ́n bá Jẹ́jẹ́ níbi tó ti jókòó lé àpótí rẹ̀ kó lè pa dé.

"Dìde lórí àpótí yẹn."

"Mà, bà... bàbá mi ti ń bọ̀ wá mú mi."

"Bó bá dé, kó wá jókòó ti èmi náà ní gbọ̀ngàn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mi ò sì fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

Níwájú gbogbo kíláàsì àti àwọn olùkọ́ méjì tí wọ́n jọ ń ṣèdánwò, ìyá wa ní, "Èmi ni mo ṣìṣe. Mi ò kàwé ọmọ yìí tán, mi ò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán." Wọ́n tan fáànù, wọ́n pa á, gbogbo ènìyàn sì rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé. Nígbà tí ó há sórí ọ̀rọ̀ kan, ọmọkùnrin kan fẹ́ bá a sọ ọ́, ìyá wa gbé ọwọ́ sókè: "Ẹnu ẹ kọ́ ló ti ń bọ̀." Ó gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá wa kọ̀ láti fún un ní máàkì fúnra wọn. Àwọn olùkọ́ méjì náà ló fún un ní mọ́kànléláàádọ́rin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni ìgbìmọ̀ yàn. Inú bí àwa ọmọ. Bàbá wa ló bá wa wí: "Ògiri tó bá wọ́, wíwó là ń wó o ká tún un mọ. Bíríkìlà tó bá tijú wíwó, ilé rẹ̀ ló máa pa èèyàn." Ìyá wa kò di ọ̀gá àgbà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2014, àmọ́ láti ọdún 1991 yẹn, wọn kò jẹ́ kí a fi aago díwọ̀n ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn yẹn mọ́.

Olùfọkànsìn ni olóògbé. Wọn kì í gbàdúrà gígùn. Wọ́n ní Ẹni tó ya ewé mọ ohun tí àwọn fẹ́ sọ. Ní àdúgbò, àwọn ni a máa ń pè bí òrùlé ẹnikẹ́ni bá ń jò. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó gbà pé àkàbà onígi kò yẹ àwọn mọ́, bàbá wa ló sì gbé e fún aládùúgbò kí ọkàn lè balẹ̀.

Àìsàn ráńpẹ́ ṣe wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n ní kí a ṣí fèrèsé, a sì ṣí i. Wọn kò tún béèrè ohun mìíràn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn, bàbá wa bíríkìlà, àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin wọn tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ọmọkùnrin wọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, tó ṣì wà nílé, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àbúrò méjì, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò lè kà tán.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ìdílé ní sí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Lẹ́yìn orin kejì, ayàwòrán-ilé kan yóò dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìyá wa. Òun ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ orí òkè, tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé lábẹ́ òrùlé rẹ̀ láti ọdún 2003. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀. Bí ó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró dè é.

Ìyá wa, ẹ sùn dáadáa. Kí ibùsùn tuntun yín tù yín lára, kí Ẹni tó dá ewé tẹ́wọ́ gbà yín.