Ẹ̀mú Alágbẹ̀dẹ Ni Mo Fi Ń Bọ́ Àwọn Ejò Rẹ

Tàófíìk Àkànní, ọmọ mi,

Ọlọ́run tó ń bọ́ kòkòrò inú àpáta yóò máa bọ́ ọ ní Èkó níbẹ̀, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún ebi, kò sì ní fà ọ́ lé onílé burúkú lọ́wọ́ mọ́. Àmín. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Òjò ti ń rọ̀ ní Ìgbó-Ọrà, ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sí ọ̀nà Ìdèrè ti ń yọ ewé, ewúrẹ́ mi dúdú ti bí ìbejì, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ewúrẹ́ náà mọ ìlú tó ń gbé. Làtíífàt tó ń ta omi tútù ní ọ̀kánkán ilé wa ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn sí ọ, wà á gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Mo lè pè ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́ ọ. Níjelòó tí èmi àti ìwọ sọ̀rọ̀ owó lórí fóònù, kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ̀wé sí mi pé àwọn lè yá mi lówó. Ó hàn gbangba pé wọ́n ń tẹ́tí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn ejò rẹ ni.

Ìwọ ò purọ́ fún mi, etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tí o pè pé onílé ní kí o kó pẹ́ẹ̀tì rẹ jáde, pé o fẹ́ gbé méjèèjì wá sọ́dọ̀ mi títí wà á fi rí ilé mìíràn, pẹ́ńtì tí a fi ń kun ògiri ni mo gbọ́, kì í ṣe pẹ́ẹ̀tì, ẹran ọ̀sìn inú ilé. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi ti rí i pé ògiri ilé bàbá òun ti ń ṣí. Mo fọ ògiri pálọ̀ sílẹ̀ dè ọ́, mo sì sọ fún àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gààrí pé búlúù ni mo fẹ́. Ìgbà tí o wá ṣí ìdérí ike ńlá yẹn, tí mo rí ohun tó ká jọ síbẹ̀ bí òṣùká, mi ò sọ̀rọ̀, o sì rò pé mo gbà ni. Ẹ̀rù ló gbé mi lóhùn lọ. Kí ohùn mi tó padà dé, o ti dọ̀bálẹ̀, o ti ń dúpẹ́. Ìyá wo ló máa gba ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ tán, tí yóò tún ní òun ò ṣe mọ́? Àmánà ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. O ní mọ́nàmọ́ná ni wọ́n, pé wọn ò ní oró, pé àwọn lò ń gbé lọ sí ilé ìwé láti fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ejò. Mo ní kò burú. Mo sọ ọ̀kan ní Táyé, mo sọ èkejì ní Kẹ́hìndé, kí n lè máa rántí ẹni tó ti jẹun.

Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, o ò sọ fún Làtíífàt pé eku ló wà nínú ọ̀rá dúdú tí o fi sínú fíríísà rẹ̀. Ó ti kó o mọ́ omi tútù fún oníbàárà kí ó tó mọ̀. Oníbàárà náà ò tíì padà wá láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí oúnjẹ wọn tó, mo tẹ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù, níbi tí o ti ń ṣàlàyé bí mo ṣe máa bọ́ wọn tí wọn ò fi ní bù mí jẹ. Mo ní kí o rọra, mo fẹ́ béèrè nǹkan, o ò dúró. Mo ní Tàófíìk, ìyá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ o, o kàn ń bá tìrẹ lọ ni. Inú bí mi, mo pa fóònù. Bó ṣe di pé ìlàjì ẹ̀kọ́ ni mo gbọ́ nìyẹn. Mo gbọ́ pé kí n fi eku sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kí ó lè yọ́, mi ò gbọ́ pé kí n má fi ọwọ́ mú un. Mo di eku mú nírù, mo nà án sí Táyé. Kò wo eku rárá, ọwọ́ mi ló já lù. Ó bù mí jẹ ní àtàǹpàkò, ó fi mí sílẹ̀, ó padà lọ ká jọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Igbe tí mo ké, gbogbo agbolé ló gbọ́.

Bàbá Fàtáì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ni wọ́n kọ́kọ́ dé, àdá wà lọ́wọ́ wọn. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ mi, mo ní wọn ò ní wọlé. Bàbá Fàtáì o! Ẹni tí mi ò gbójú sókè wò rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ. Wọ́n ní ejò bù mí jẹ, ejò náà ni mo tún ń gbà sílẹ̀. Mo ní àmánà ọmọ mi ni. Wọ́n ní ṣé àmánà ni yóò sin mí bí mo bá kú. Mo ní àlùfáà sọ ọ́ ní wáàsí pé ẹran tí èèyàn bá tì mọ́lé, oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́rùn èèyàn, èmi ni mo sì ti ìwọ̀nyí mọ́lé.

Má bínú sí wọn, Àkànní. O kéré nígbà tí ọká ṣán Ìyá Fàtáì nínú oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Tápà, o ò lè rántí. Bàbá Fàtáì gbé ìyàwó wọn sórí ọ̀kadà, wọ́n fi ìró dì í mọ́ ẹ̀yìn ara wọn kó má baà jábọ́. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ara Ìyá Fàtáì ti tutù mọ́ wọn lẹ́yìn. Títí dòní, bí wọ́n bá rí okùn nílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi bí mo ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, síbẹ̀ mi ò yẹ̀.

Wọ́n ní ó dáa, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kí n bọ́ àwọn ejò náà lójú gbogbo agbolé. Bí wọ́n bá bu Ìyá Tàófíìk jẹ, àwọn yóò pa méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bi àwọn léèrè. Bí wọn ò bá bù mí jẹ, kí àwọn ejò náà dúró dè ọ́. Mo ní mo gbà. Mi ò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá.

Làtíífàt ló là mí lójú pé ohùn inú Wásáàpù yẹn kì í ṣe ìwọ gan-an, pé o ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, bí ìgbà tí èèyàn di omi sínú ọ̀rá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ nínú ọkàn mi. Mo jókòó, mo pa ẹnu mọ́, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé òórùn eku tó wà lọ́wọ́ mi ni Táyé ń wá, pé kí n fọ ọwọ́ kí n tó ṣí ike, pé kí n kọ́kọ́ fi igi rọra kàn án lára kí ó lè mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í ṣe oúnjẹ, pé kí n bọ́ kálukú lọ́tọ̀, pé ẹ̀mú gígùn ni kí n fi mú eku, pé bí ejò bá di èèyàn mú, kí a má fà á, omi tútù ni kí a dà sí i lórí. O tún pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, o ní kí n yí kámẹ́rà kí o lè rí àtàǹpàkò mi. Mo yí, o ní kí n tún yí. Mo yí títí òòyì fi gbé mi jókòó sórí àpò gààrí, o sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo gba ilé arọ Ògúnṣọlá alágbẹ̀dẹ lọ, mo ní kó yá mi ní ẹ̀mú tó gùn jù. Ó béèrè irin wo ni mo fẹ́ fi mú nínú iná. Mo ní eku ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, nígbà tó wo ojú mi, ó lọ gbé èyí tí bàbá rẹ̀ lò wá. Ó ní kí n má kánjú, pé ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n ni iná ń jó. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yan gààrí tán, mo máa ń fi ẹ̀mú yẹn gbé ègé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ láti inú garawa kan sí òmíràn. Apá dùn mí, ọwọ́ gbọ̀n, ẹ̀gẹ́ jábọ́, mo tún gbé e. Àwọn obìnrin ní orí Ìyá Tàófíìk ti yí. Mo ní kí wọ́n dúró dìgbà tí mo bá ṣe é tán.

Jímọ̀ dé. Agbolé kún. Bàbá Fàtáì ní àwọn fúnra àwọn ni yóò mú eku wá, kí n má baà ṣe àgálámàṣà, wọ́n sì yọ méjì nínú pàkúté wọn, wọ́n fi ọwọ́ gbé òkú eku náà wá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n ní ọwọ́ tó ṣàlùwàlá ni ọwọ́ àwọn. Ọmọ mi, ṣáájú eku ni wọ́n ti ṣàlùwàlá.

Èmi fi ọṣẹ dúdú fọ tèmi dé ìgúnpá. Mo ṣí ike Táyé, mo fi igi kàn án lára, mo fi ẹ̀mú gbé eku wá láti ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ó yọ ahọ́n, ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì já eku gbà, ó wé mọ́ ọn. Mo dé e, mo bọ́ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jẹ. Mo dúró, kò jẹ. Bàbá Fàtáì bá sún mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ìka sí i, wọ́n ní ẹ wò ó, kò tilẹ̀ mọ̀...

Wọn ò sọ ọ́ tán. Kẹ́hìndé ti gbé ọwọ́ wọn há ẹnu, ó sì ti wé mọ́ ọrùn ọwọ́ náà.

Àwọn èèyàn sá. Bàbá Fàtáì ò ké. Ojú wọn kàn funfun bí eérú, ọwọ́ kejì ń wá àdá. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á, eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ẹran ara yín ló máa ya. Mo ní ẹ fi àdá sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí ọmọdé, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ké sí Làtíífàt, ó gbé omi tútù wá, mo ń rọra dà á sórí ejò náà, mo ń dà á, títí ó fi la ẹnu. Mo wá fi ọwọ́ ara mi méjèèjì tú u kúrò lára wọn, mo gbé e padà sínú ike. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ kàn án nìyẹn. Ara rẹ̀ gbẹ, ó sì wúwo.

A fi ọṣẹ fọ ojú ibi tó jẹ, a lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó fún wọn lábẹ́rẹ́, ó ní kò sí oró. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n jókòó sí ẹ̀bá ògiri wọn, wọ́n ń retí ikú. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi ṣáá pé ṣé ẹsẹ̀ àwọn ti tutù. Mo ń fọwọ́ kàn án, mo ní ó gbóná, Bàbá. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n kírun, wọ́n jókòó padà. Wọ́n wo ọwọ́ wọn títí. Wọ́n wá ní Ìyá Tàófíìk, kì í ṣe irú èyí ló pa á. Mo ní rárá, Bàbá. Wọ́n ní àwọn ti pa irú èyí púpọ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sunkún. Mi ò rí i rí kí wọ́n sunkún, wọn ò sun ún nígbà tí a sin Ìyá Fàtáì pàápàá.

Àwọn kan nínú agbolé ní ẹni tí ejò bù jẹ, ó bù ú jẹ náà ni, kí a pa wọ́n. Bàbá Fàtáì ní àdéhùn tó wà láàárín àwọn ni pé bó bá bu Ìyá Tàófíìk jẹ, wọ́n ní ṣé Ìyá Tàófíìk ló bù jẹ? Wọ́n tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé jẹ eku tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé, mi ò sì fẹ́ gbọ́ rárá lẹ́nu rẹ. Wá sílé. Bí o ṣe ń gbé wọn kiri ilé ìwé ní Èkó, wá gbé wọn kiri àwọn abà wa títí dé ọ̀nà Tápà, kí o fi èyí tí ń pani àti èyí tí kì í pani han àwọn àgbẹ̀, kí o sì sọ ohun tí a ó ṣe bí ọká bá ṣán èèyàn lóko. Bàbá Fàtáì ní àwọn ni yóò ṣíwájú rẹ wọ abà kọ̀ọ̀kan. Owó oúnjẹ ejò tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Báńkì kọ̀wé sí mi, èmi náà sì ti kọ ọ́ padà pé mo dúpẹ́, kí wọ́n bá mi kí àwọn ará ilé wọn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fèsì, bóyá iṣẹ́ pọ̀ fún wọn. Bá mi fi díẹ̀ sí i, kí o fi ra bàtà róbà tó ga dé orúnkún wá fún Bàbá Fàtáì, nítorí sílípáàsì ni wọ́n ṣì ń wọ̀ lọ sí oko ẹ̀gẹ́ yẹn. Èmi ni mo wọn ẹsẹ̀ wọn. Okùn tó wà nínú ìwé yìí, ibi tí mo gé e ni gìgísẹ̀, ibi tí mo ta kókó sí ni orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńlá. Má ra èyí tó fún wọn lẹ́sẹ̀.

Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ yóò gbà ọ́. Ohun tó wà nínú koríko kò ní rí ọ, bó bá rí ọ, kò ní lè la ẹnu. Ọlọ́run yóò mú ọ dé ilé yìí láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rùkáyàt.