Èkúté Tí Mo Kó Kọjá Ààlà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, yàrá tí o gbà ńkọ́, ṣé onílé ti jẹ́ kí o sinmi? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó mú mi mú bírò ni ọ̀rọ̀ èkúté. Àwọn wolé-wolé fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó ní àká, pé kí kálukú ẹ̀kísítámínéètì èkúté ilé rẹ̀, àti pé àká tí wọ́n bá ti bá èkúté kan ṣoṣo, àgádágodo ni, tòun tàgbàdo inú rẹ̀. N kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, mo bá gba ọ̀dọ̀ Tíṣà tó fẹ̀yìn tì lọ. O mọ̀ ọ́n, kì í dáni lóhùn láìṣí ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀. Ó ní lóde òní, kí a pa nǹkan run ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè, ṣùgbọ́n inú èdè Látìn ló ti wá, ohun tó sì wà nídìí rẹ̀ gan-an ni kí a lé nǹkan jáde kọjá ààlà. Mo rò ó wò. Pípa run gba májèlé, májèlé gba owó, ààlà ò gba nǹkan kan. Mo ní ti Látìn ni kí a ṣe.

Ilé àǹtí rẹ opó, àbúrò mi, ló bá tiwa pààlà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, bó bá ti lọ sóko báyìí, èmi àti ìyá rẹ á gbé garawa onídèérí, a ó tú èkúté tí pańpẹ́ mú sílẹ̀ lẹ́yìn àká rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí ẹsẹ̀ má baà rọ ìkankan. Méjìlélógójì ni gbogbo wọn.

Fọ́ọ̀mù tí wolé-wolé mú wá ní kí a kọ ibi tí èkúté ilé wà, mo kọ ọ́ pé wọ́n ti kó lọ. Àpótí kékeré kan wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ní kí a lẹ fọ́tò sí, mo sì ti ní kí onífọ́tò ya èyí tó sanra jù nínú wọn. Wolé-wolé wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò, ó bá lù ú ní òǹtẹ̀. Ó ní àká mi ni kí gbogbo àdúgbò máa wò kọ́ṣe. Mo ti gbé ìwé ẹ̀rí tó fún mi kọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa.

Ibẹ̀ ni wolé-wolé gbà dé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ. Kò tíì ṣílẹ̀kùn àká tán tí èkúté fi fò lé e lórí bàtà. Wọ́n ti àká náà pa pẹ̀lú àgbàdo ọdún kan nínú rẹ̀. Àǹtí rẹ ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ní èkúté díẹ̀ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tòun ò sanra tó báyìí.

Láti ọjọ́ náà, òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń jẹun nílé wa. Ọmọ mi, èkúté méjìlélógójì ò jẹ tó ọmọ mẹ́fà yìí. Mo tún lọ bá Tíṣà bóyá Látìn ní ọ̀rọ̀ kan fún èyí, ó ní ìwé òun ò dé ibẹ̀. Ojú ń tì mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Obìnrin náà ló ń fọ gbogbo abọ́ wa.

Jọ̀wọ́, dé ọ́fíìsì wọn tó wà lọ́dọ̀ yín, sọ fún wọn pé èkúté mi ni, kí wọ́n wá ṣí àká àǹtí rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣí i ná kí o tó dárúkọ mi, kí n lè ráyè kó àgbàdo tèmi síbẹ̀ kí wọ́n tó wá ti àká mi pa. Fi owó májèlé ránṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí Látìn yìí ti wọ́n ju májèlé lọ.

Wàá rí jẹ, wàá rí mu. Ibi ò ní ti ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ bá ọ.

Àǹtí rẹ ló jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kò mọ̀wé kà. Ó bi mí léèrè ohun tí mò ń kọ, mo ní mò ń kí ọ ni. Ó ní kí n bá òun fi kún un pé kò sí ẹ̀gbọ́n bí èmi láyé. Mo ti fi kún un.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.