Alàgbà Báyọ̀dé Akínlẹ́yẹ àti Sùtánà Tí Kò Gbọdọ̀ Mọ́

Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkirè ni wọ́n ti bí Alàgbà Báyọ̀dé Simeon Akínlẹ́yẹ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1951, sínú ìdílé Olóògbé Pa Akínlẹ́yẹ, àgbẹ̀ oníṣu, àti Olóògbé Ìyá Sìdíkátù. Ohun tí ìyá bàbá rántí nípa ọjọ́ náà kò ju pé òjò ń rọ̀ lọ. Bàbá fúnra wọn ló fi ọjọ́ àti oṣù kún un nígbà tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ìjọba.

Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní kíláàsì kẹrin, wọ́n fi ègé búrẹ́dì kan pamọ́ sínú tábìlì wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ ohun tí yóò hù lára rẹ̀. Tíṣà fún wọn ní ẹgba mẹ́fà. Wọ́n jẹ ẹgba tán, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí tíṣà jọ̀ọ́ dá búrẹ́dì náà padà, pé ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà tún fi mẹ́fà mìíràn lé e.

Láti 1974 títí di 2011 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni ìjọba ní kí wọ́n máa yẹ̀ wò, àmọ́ ọ̀dọ̀ ohun tó ń hù lára ògiri láàbù ni ọkàn wọn wà. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá ń fẹ́ láyé: kí wọ́n rí ohun abẹ̀mí kan, bó ti wù kó kéré tó, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé rí. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì kò tíì tutù tí wọ́n fi ra àlòkù awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Yàrá àlejò ilé wọn ní Ẹgàn ni wọ́n gbé e sí.

Ní 1979, Ọlọ́run so wọ́n pọ̀ mọ́ Àtọ́kẹ́, arẹwà ọmọ Ọ̀ffà, tó ń ta ọṣẹ ní Ìkòtún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá mọ̀ pé ìdọ̀tí kì í wọ ilé wọn kó sùn. Ẹni tó ń wá ohun tó hùkasí ló lọ fẹ́ ẹni tó ń lé e kiri. Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run! Wọ́n pín fíríìsà sí méjì, ẹran lápá òsì, ìgò tí bàbá ń kó ohun tó hù sí lápá ọ̀tún. Màmá a máa gbàdúrà kí wọ́n tó ṣí i.

Ní 1988 ni wọ́n di ọmọ Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú, wọ́n sì di Alàgbà ní 2006. Bàbá kì í pẹ́ dé ìsìn, àfi tí nǹkan kan bá hù lára igi lójú ọ̀nà.

Ní oṣù keje ọdún 2023, òjò fi ọjọ́ mọ́kànlá rọ̀. Sùtánà bàbá tó tutù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àmì pupa rúsúrúsú sì yọ lọ́rùn rẹ̀. Màmá di ọṣẹ mú. Bàbá di aṣọ mú. Arábìnrin Happiness, tí bàbá kọ́ níṣẹ́ nígbà kan, tó ti di olùkọ́ ní yunifásítì báyìí, gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ. Nígbà tó padà wá, kò lè jókòó. Ó ní, “Dádì, mo ti wá gbogbo ibi tó yẹ kí n wá. Kò sẹ́ni tó kọ eléyìí sílẹ̀ rí o!” Ó ní ẹbí olú ni, àmọ́ ó kéré débi pé àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ojú lásán lè rí, àti pé omi ara rẹ̀ pa ohun tó ń fa lápálápá nínú àwo ìdánwò. Bàbá jó yí ilé ká. Màmá béèrè bóyá àwọn lè wá fọ aṣọ náà báyìí.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn, kó lè máa rí òógùn mu. Ni Àpọ́sítélì Ọláṣùpọ̀, olórí ìjọ, bá rántí òfin Mósè: aṣọ tí àrùn pupa bá mú, kí wọ́n kọ́kọ́ tì í mọ́lé fún ọjọ́ méje, bó bá tàn kálẹ̀, kí wọ́n sun ún. Bàbá gbà tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ ṣókùnkùn, ó sì tutù dáadáa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, wọ́n ní àdúrà làwọn ń gbà.

Ní ọjọ́ kẹfà, Màmá, tí àwọn ìyá ìjọ ti ń bi léèrè bóyá ọṣẹ ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, lọ gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n rẹ sùtánà náà sínú Jíìkì, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé e fún bàbá tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó funfun báláú. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Tiransifọ́mà àdúgbò jóná lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èyí tí bàbá ti gé pamọ́ sínú ìgò nínú fíríìsà náà bá kú. Happiness ti lo tirẹ̀ tán. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn ò lè kọ ọ́ sínú ìwé láìrí òmíràn tó wà láàyè.

Ọdún méjì gbáko ni bàbá fi wá a. Wọ́n ń yẹ ọrùn aṣọ èèyàn wò láti Ẹgàn dé Ìgàndò. Wọ́n bẹ àwọn alàgbà kí wọ́n jọ̀ọ́ má sá sùtánà wọn sóòrùn mọ́. Dúdú yọ, aláwọ̀ ewé yọ, pupa kọ̀, kò yọ. Bàbá wá ń pe Màmá ní Ìyá Jíìkì. Màmá ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwa ọmọ mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n. Màmá ò tọrọ àforíjì rí, ẹnu wọn ò gbà á. Nígbà tí àìsàn ọkàn dé lọ́dún yìí, bàbá sọ fún wa pé ikú ò ba àwọn lẹ́rù, kí àwọn ṣáà ti rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 2025, òjò pa bàbá bọ̀ láti ìsìn. Wọ́n fi sùtánà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, wọ́n sun oorun ọ̀sán, wọn ò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Màmá máa rí aṣọ ìdọ̀tí tí wọn ò ní lè fọwọ́ kàn. Wọ́n ní òórùn bàbá ṣì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ìyá ìjọ wá gba sùtánà náà, kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ fún ìsìnkú. Màmá mú un kúrò lórí ìṣó, igbe tí wọ́n ké sì mú kí aládùúgbò fo fẹ́ǹsì wọlé. Àmì pupa mẹ́rin ló wà lábẹ́ abíyá. Happiness ni wọ́n kọ́kọ́ pè: “Máa bọ̀ kíá jàre! Mo ti dì í mú, ẹnikẹ́ni ò ní fọ̀ ọ́!” Ohun pupa náà ti wà ní láàbù báyìí, ó sì wà láàyè. Happiness ló fi orúkọ tí bàbá yàn fún un hàn wá nínú ìwé wọn, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá fọ aṣọ gan-an. Àtọ́kẹ́ ni. Màmá ní ta ló ń fi orúkọ ìyàwó ẹ̀ sọ ohun tó hù lára aṣọ. Wọ́n wá sunkún títí ojú wọn fi wú.

Bàbá fi Màmá Àtọ́kẹ́ sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Tolú, Yẹ́misí àti Henry, ọmọ-ọmọ méje, àti ìgò mọ́kàndínlógójì tí a ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n.

Ẹbí fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé sùtánà tí ẹ óò rí lára bàbá lónìí kì í ṣe tiwọn. Alàgbà Gideon ló yá wa, wọ́n ní ká má dá a padà. Ó gùn jù, ẹ dákun, ẹ má rẹ́rìn-ín sókè. Màmá ní ká fi ọ̀rọ̀ tiwọn parí ìwé yìí, wọn ò sì jẹ́ ká tún un ṣe:

Bàbá Tolú, ẹ má bínú. Mi ò fọ̀ ọ́ o. Ẹ sùn re.