Lẹ́tà Alfa àti Bírò Pupa Mi

Bosso, Mínná. Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì.

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Alfa tó kọ́ mi ní kéwú ní kékeré fúnra wọn kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí ìjọba ìbílẹ̀, pé kí wọ́n gbẹ́ kànga sílé kéwú àwọn. Alfa ní kí n bá àwọn wo ibi tó yẹ kí "a" àti "the" wà.

Àárín ìwé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Alfa kọ "the well" nígbà tí kànga kankan ò tíì sí. Mo fi bírò pupa yí i po, mo kọ "a". Nígbà tí mo máa fi dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi ti kọ ọ́: "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Wá rí mi."

Mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ padà sí Alfa kí n tó rántí ẹni tó ni ín. Haba! Ẹni tó ń rọra pa àṣìṣe mi rẹ́ lára wàláà, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́.

Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ nígbà tí Alfa ṣe sàlámà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di lẹ́tà náà mú. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì fajú ro.

"Tísà, ẹ ní kí n wá rí yín."