Ọ̀dà Pupa Lára Ògiri Wa

Akunlé mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa níbí ò kú, a ò rùn, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ìyàwó tí wọn ò kí, àmọ́ ó ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ. Àkàbà tí o ń gùn kò ní yẹ̀ nídìí, ọ̀dà ò ní ta sí ọ lójú, ọlọ́pàá tó bá sì fẹ́ mú ọ, ọ̀nà míì ni yóò gbà lọ. Àmín.

Tísà tó háyà yàrá iwájú fi àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀ hàn mí, ti àwòrán tí ẹ ń yà sára ògiri, tìẹ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ káàkiri ayé. Mo wò ó, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sóde. Ẹja tó gùn tó òpópónà, lára ilé báńkì! Mo ní ṣé báńkì náà ti kógbá wọlé ló fi di ilé ẹlẹ́ja ni, tísà ní rárá o, wọ́n kàn yà á ni. Èmi ò gbà. Ta ló máa lọ kó owó ẹ̀ fún ẹja? Ti ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kọ orúkọ sí lára láti orí dé ìdí ló yé mi, torí bí èmi náà ṣe ń sàmì sídìí abọ́ mi nìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Àmọ́ bá mi sọ fún àwọn olọ́kọ̀ yẹn pé kí wọ́n máa kọ ọ́ kó hàn. Lẹ́tà wọn wú bí ẹni tí oyin ta, kò sẹ́ni tó lè kà á, tí ọkọ̀ bá wá sọ nù ńkọ́, báwo lẹni tó rí i ṣe máa mọ ẹni tó máa dá a padà fún? Mo sì ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló wù mí kí o ṣe. Mi ò tíì kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ.

Nítorí àwọn fọ́tò yẹn ni mo ṣe gba àwọn ọkùnrin méjì kan tọwọ́ tẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wà nídìí maṣíìnì ìránṣọ mi, mo rí wọn nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, agolo tí ẹ fi ń fín ọ̀dà wà lọ́wọ́ ọ̀kan, irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ gẹ́lẹ́. Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti fín ìlà pupa méjì gbàgàdà tó dábùú ara wọn sára ògiri iwájú ilé wa, ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ ẹ̀. Inú mi dùn! Mo ní ẹgbẹ́ ọmọ mi mà rèé. Mo bu omi tútù fún wọn, mo gbé àpótí síta, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi obìnrin náà ń ṣe irú ẹ̀ nílùú ńlá, àmọ́ ọwọ́ yín ò tíì dá o, ìlà yín wọ́, ẹ ẹ̀ bá yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tó tẹ́jú. Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó kéré ní Màmá, a ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, a máa wá parí ẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kẹ̀, ọwọ́ lásán lọmọ mi fi ń ṣe tiẹ̀. Mo tún ṣàdúrà fún wọn pé wọ́n á délé láyọ̀.

Tísà dé láti ibi iṣẹ́, ó wo ògiri, ó káwọ́ lérí. Ó ní Màmá, ilé yìí ni wọ́n fẹ́ wó, wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà ni, ẹ̀rọ tí wọ́n wí fún yín, katapílà ni. Háà! Ọmọ mi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní parọ́ fún ọ. Ilé tí bàbá rẹ fọwọ́ ara ẹ̀ to búlọ́ọ̀kù ẹ̀, tí mo bí ọ sí, tí mo ti ń ránṣọ jẹun! Omi tútù tí mo fún wọn wá ń dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo dé ọ́fíìsì wọn kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó dé. Ọ̀gá wọn ò burú, ó fún mi ní àga, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i lókè, kí n lọ máa kó ẹrù mi. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lojú mi lọ sára ògiri ẹ̀yìn ẹ̀. Àwòrán ilé kan ló gbé kọ́ síbẹ̀, ilé àtijọ́, ó ti sán, àmọ́ wọ́n ya obìnrin àgbàlagbà kan sí i lára láti ilẹ̀ dé òrùlé, gbogbo ìhunjọ ojú ẹ̀ ló pé. Mo ní ọ̀gá, ilé yìí gbó ju tèmi lọ, kí ló dé tí wọn ò wó o? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ọkọ̀ òfúrufú làwọn èèyàn ń wọ̀ wá wò ó, èmi gan-an ti débẹ̀, ta ló máa wó irú ẹ̀? Mo ní ẹ tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kí akọ̀wé ẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó rò pé eré ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Tísà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀rín ọ̀gá kì í ṣe ìwé àṣẹ. Mo ní kó lọ máa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Nítorí náà, máa bọ̀. Má sọ fún mi pé o máa wò ó. Kó àkàbà, kó agolo, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó mọ̀ ọ́n yà, mo ti ń rán aṣọ ibùsùn tí wọn á fi sùn. Mo fi ọṣẹ fọ ògiri náà títí, ọ̀dà pupa yẹn ò lọ, ìwọ lo máa yà á bò. Má ya ẹja o. Èmi ni kí o yà, kí ojú mi là kedere, kó sì wà níbi tí ojú awakọ̀ katapílà á ti bá a pàdé tó bá gun orí ìjókòó ẹ̀. Má fi ẹwà kún un, jẹ́ kó bínú díẹ̀.

Owó tẹlifíṣọ̀n tí o ní o ń kó jọ fún mi, fi ra ọ̀dà. Tí kò bá tó, wá nǹkan fi kún un. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà kí n rí fi ra òwú, àmọ́ ọ̀sán ni kí o fi í ránṣẹ́, torí tísà máa ń pa fóònù ẹ̀ tó bá fẹ́ sùn, n ò fẹ́ kí owó mi dúró síta mọ́jú.

Tí wọ́n bá dé, tí ọ̀gá náà bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ̀, mi ò ní pariwo, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Màá gbé maṣíìnì mi síta, màá jókòó sábẹ́ ojú ara mi, màá máa ránṣọ mi lọ. Èmi kan á máa wò wọ́n lókè, èmi kan á máa wò wọ́n nísàlẹ̀. Kí wọ́n wá sọ fún àwa méjèèjì pé ká dìde.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Ọ̀nà á là fún ọ láìwó ilé ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí o bá dé, wàá bá ilé, wàá bá mi nínú ẹ̀.

Èmi ni màmá rẹ, tí kò lọ síbì kankan.