Ife Búlúù Bàbá Télọ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kí ẹsẹ̀ yín tó ń wú ti lọlẹ̀ díẹ̀, kí ọkàn yín sì ti rọlẹ̀ ju bó ṣe wà lánàá lọ. Èmi náà wà láàyè. Mi ò lè kọ ọ́ pé àlàáfíà ni mo wà, torí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹni tó bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, irọ́ náà ni yóò máa tì í lẹ́yìn títí ọ̀rọ̀ ọ̀hún á fi parí.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà sí yín nígbà tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin yàrá tèmi àti tiyín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Tí mo bá dúró níwájú yín, ẹnu mi á dì pa bí ìgò tí wọ́n dé lọ́mọrí, màá máa wolẹ̀, ẹ̀yin á ní "O tún ti fajú ro," ó sì di ìjà nìyẹn. Torí náà mo jókòó sídìí tábìlì tí a fi ń jẹun. Ọ̀sán Sátidé ni, ẹ ti lọ sí ilé arúgbó kejì láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga láì ṣe ara wọn léṣe. Màá fi lẹ́tà yìí sínú báàgì iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò pupa máàkì ẹ̀ o. Ẹ mọ ibi tí mo ti sọ ìwé kalẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Iṣẹ́ yín máa ń tì mí lójú. Tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bi mí pé kí ni ìyá mi ń ṣe, nọ́ọ̀sì ni mo máa ń sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ìyá mi ló ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, pé ilé mẹ́ta ló ń lọ káàkiri, pé àgbàlagbà onírùngbọ̀n ló ń dá dùbúlẹ̀ kí àwọn tó ń kọ́ lè fọ eyín fún un? Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mú mi débẹ̀ pé kí n wá kọ́ṣẹ́. Ẹ dá mi dúró lẹ́nu géètì, ẹ ní: "Láti ibí wọlé, èmi kì í ṣe ìyá rẹ. Tíṣà ni kó o máa pè mí bíi gbogbo ayé." Ó dùn mí dé egungun. Mo kàn fajú ro, bí ìṣe mi.

Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín lẹ́yìn? Tíṣà Ẹ-Tún-Un-Ṣe. Torí kò sí ohun téèyàn ṣe tó dáa tó lójú yín. Ní Wẹ́sìdé tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, níwájú àwọn mẹ́fà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ẹ ní kí n fọwọ́. Mo fọ̀ ọ́. Ẹ ní "Àárín ìka ńkọ́? Ẹ tún un ṣe." Mo tún fọ̀ ọ́. Ẹ ní "Àtàǹpàkò ńkọ́, àbí àlejò ni? Ẹ tún un ṣe." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ bí ẹni tó pààyàn. Mo sọ nínú ọkàn mi pé mi ò ní kọ́ ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tó kàn ni ẹ̀kọ́ omi kíki. Ẹ gbé ìyẹ̀fun funfun yẹn síta, tí ẹ máa ń pò mọ́ omi kó lè ki. Ìgbà yẹn ni tẹlifóònù dún pé ẹnì kan ṣubú ní ilé kẹta. Ẹ ń sáré jáde, ẹ fi ìwé ìfọwọ́sí sórí tábìlì, ẹ ní: "Ẹ ṣe é bí mo ṣe fi hàn yín lórí pátákó. Ẹni tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán, kó fọwọ́ sí i." Àwọn mẹ́fà yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Èmi fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ọ̀dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn arúgbó. Mo jókòó sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, tó ṣì gbóná. Wọ́n ní "Ṣé wọ́n ti túká ni?" Mo ní "Ẹ̀ẹ́n ma." Irọ́ kìíní nìyẹn, àbí ìkejì, torí ìfọwọ́sí yẹn gan-an ni ìkíní.

Mo ti yọ́ padà sáàárín wọn kí ẹ tó dé. Nígbà tí ẹ padà dé, ẹ ka orúkọ, ó pé méje, ẹ fọwọ́ tiyín sí ìsàlẹ̀. Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ẹ gbà wá gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Télọ̀ ló kù. Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n bí aláìsàn yàrá kẹrin, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún. Èmi mọ̀ wọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo tó lè mú mi rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ yàrá wọn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní: "Ta ló rán yúnífọ́ọ̀mù yìí fún ẹ? Kó lọ tọrọ àforíjì." Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní èjìká mi òsì ga ju ọ̀tún lọ, pé bóyá ìgbéraga ni mo kó síbẹ̀. Ojú nìkan ni wọ́n fi wọ̀n mí o! Mo lọ wo ara mi nínú dígí, òótọ́ ni.

Nínú tírè oúnjẹ wọn, ife búlúù kan máa ń wà níbẹ̀, tí nǹkan inú rẹ̀ ki bíi lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé. Àwọn yòókù, ife funfun. Mo rò pé àwọ̀ tí Bàbá fẹ́ràn ni, pé oògùn ló wà nínú ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń bẹ èèyàn pé: "Omi ni mo fẹ́. Omi gidi. Omi tó ń ró nínú ife." Gbogbo ẹni tí wọ́n bẹ̀ á kàn ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," á sì tún gbé búlúù sí wọn lẹ́nu. Mo ń wò wọ́n, mo ń sọ nínú ara mi pé ìkà làwọn èèyàn yìí. Arúgbó ń tọrọ omi, wọ́n ń fún un ní lẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, oòrùn mú. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ìwọ nìkan lo láàánú nínú ilé yìí." Màmá, orí mi wú. Mo mú ife funfun, mo pọn omi tútù kún un, mo sì gbé e sí wọn lẹ́nu. Wọ́n mu ún bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ́ tí kò dáwọ́ dúró, ètè wọn ń dúdú, mo ń fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn, mo ń pariwo. Àwọn nọ́ọ̀sì ya wọlé. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ti mú ọ̀nà ọ̀fun wọn, pé omi tí kò ki ti gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, pé torí ẹ̀ ni ife tiwọn ṣe jẹ́ búlúù. Omi lásán! Omi tí gbogbo wa ń mu!

Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì pè wá sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n tẹ́ ìwé ìfọwọ́sí sórí tábìlì. Wọ́n ní: "Tíṣà, ọmọ yín fọwọ́ sí i pé òun ti kọ́ nípa omi kíki. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ kọ́ ọ lóòótọ́, àbí torí pé ọmọ yín ni ẹ ṣe gbà á kọjá?" Ẹ yíjú wò mí. Mo rí i pé ẹ ti mọ̀. Ẹ dúró díẹ̀ bóyá mo máa sọ̀rọ̀. Ọmọrí ti dé ìgò. Mò ń ka táìsì ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wá dáhùn pé: "Ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Ẹjọ́ mi ni." Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ní àwọn ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní kọ́ òṣìṣẹ́ kankan mọ́ nínú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ṣiṣẹ́ yìí. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ bá mi gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀ yín tó ń wú. A délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ sọ ni "Jẹun." Ẹ ò bá ti gbá mi létí, ì bá sàn.

Lánàá mo lọ wo Bàbá Télọ̀ ní ọsibítù. Mi ò sọ fún yín. Ara wọn ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ohùn wọn tín-ín-rín bí òwú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó kí wọn. Wọ́n ní: "Dákẹ́ jàre, omi yẹn dùn." Wọ́n tún ní: "Èmi náà mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ mu ún. Mo rò pé ìwọ náà mọ̀, pé àánú ló ṣe ẹ́. Mẹ́fà nínú yín ni mo ti bẹ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún fún òmíì. Kò sẹ́ni tó gbà. Obìnrin yẹn ti kọ́ wọn débi pé ẹkún mi ò ràn wọ́n." Màmá, ẹ̀yin ni obìnrin yẹn.

Mo délé, mo gbé agolo ìyẹ̀fun yín jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo po ife kan, mo jókòó, mo mu ún. Ó wà lórí ahọ́n, kò lọ, kò bọ̀. Ẹnu tutù, òùngbẹ ò kúrò. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo mọ ìdí tí Bàbá fi ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí mo mu ún tán, tí mo rí bó ṣe ń rọra wọ́ lọ sọ́nà ọ̀fun láì sáré bí omi, mo mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ gbà fún wọn. Ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ mi ní Wẹ́sìdé nìyẹn, tí mo lọ jókòó sórí aṣọ gbígbóná.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ẹ jáde, mo lọ bá Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé torí ẹnu mi: pé mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò ṣe, pé Tíṣà ò mọ̀, pé mẹ́fà tó dúró kọ́ ọ ni Bàbá bẹ̀ tí wọn ò gbà. Wọ́n kà á lórí ìdúró. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní: "O mọ̀ pé o lè pàdánù iṣẹ́ yìí?" Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ìwé ò tó, àfi kí n wá fẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí èmi tàbí ẹ̀yin. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n a jọ ń lọ ni. Tí ẹ bá rí i tí mo tún ń ka táìsì, ẹ kàn wúkọ́.

Ìwé ìfọwọ́sí tuntun kan wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n lé mi, bí wọn ò lé mi, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi. Ẹ jókòó tì mí, kí ẹ wò mí tí mò ń pò ó. Ìgbà tí ẹ bá ní ó dáa nìkan ni màá fọwọ́ sí i.

Kí Ọlọ́run dá iyì yín padà fún yín lọ́jọ́ Ajé. Ojú ò ní tì yín nítorí ọmọ mọ́. Ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ́ ọlọ́mọ ọlọ́mọ kò ní ṣaláì kọ́ tiyín yege. Ẹ ó pẹ́ fún mi, ẹsẹ̀ yín á sì san.

Èmi ni ọmọ yín afajúro, tó tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín keje.

Mo gbàgbé: Bàbá Télọ̀ ní ẹ ti wá wo àwọn kí n tó dé lánàá, pé kí n sọ fún yín pé ẹ̀gbẹ́ yúnífọ́ọ̀mù yín ti tú lápá òsì, pé àwọn ò ráyè sọ ọ́ lójú yín. Mo ti bá yín rán an. Ó wà lórí àga. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tí kò bá gún, mo ti mọ ohun tí ẹ máa sọ.